Yẹ́lò káàdì àti síìmù ní ẹnubodè Sèmè

Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, ni wọ́n bí mi sí, aṣọ ni mo ń tà, ọ̀nà Sèmè ni mo sì ń gbà lọ ná ọjà Èkó láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀ lé ìyá mi. Ẹni tó bá dé Kraké, ẹnubodè lápá Benin, láìní yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú) àti síìmù, ìdààmú ló kó wọ̀lú. Síìmù kì í wọ́n wa. Yẹ́lò káàdì ni ọ̀pọ̀ wa fojú di, bẹ́ẹ̀ ìtàn rẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Lọ́dún 1927, àwọn oníṣègùn tó ń wá ìdí àrùn yìí gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Asibi rù ú là. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn náà, kò rù ú là: àrùn yẹn gan-an ló pa á ní Èkó lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Max Theiler sọ di aláìlágbára ní New York títí ó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fi yẹ́ ẹ sí ní 1951. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún wa lónìí, ara ọmọ adúláwọ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ní ti fóònù, awakọ̀ ni ìyá mi ń fi lẹ́tà rán sí àwọn oníbàárà rẹ̀ l'Ékòó, á sì máa retí èsì títí ọkọ̀ yóò fi padà. Nígbà tí GSM dé Benin ní 2000, tó dé Nàìjíríà ní 2001, àwọn ọ̀dọ́ gbé agboòrùn kalẹ̀ lẹ́nubodè, wọ́n ń ta síìmù ìlú méjèèjì. Ẹ ṣọ́ra ní Kraké o: fóònù lè bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òdìkejì kí ẹ tó kọjá, owó yín á sì máa jó lọ. Láti 30 oṣù Kọkànlá 2024, nọ́ńbà fóònù Benin ti di oní-díjíìtì mẹ́wàá. 01 ló ń ṣáájú lẹ́yìn 229, kóòdù Benin.

Lọ́dún 2014 tí Ebola wọ Èkó, wọ́n ń yẹ ìgbóná ara wa wò ní Sèmè. Fóònù wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi tọpa nǹkan bí 900 èèyàn tó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti ràn. Ní 20 oṣù Kẹwàá ni wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ìlera àti fóònù kò ṣeé yà nípa lójú ọ̀nà.

Mo ti rí ẹni tó fowó ra yẹ́lò káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn kì í ka ìwé. Ẹ̀yin ará, ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní ilé ìwòsàn, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìnàjò. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá gbà á, káàdì yín ti tó títí ayé.