Bí Àtìpó Ṣe Kọ Ara Wọn Sínú Lítíréṣọ̀ Ìlú Ọba

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òṣìṣẹ́ di ohun àwárí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìwòsàn ń wá wọn, ọkọ̀ ojú irin ń wá wọn. Òfin ọdún 1948 fún àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lókè òkun lẹ́tọ̀ọ́ láti wá gbé ibẹ̀, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ ojú omi láti erékùṣù Kàríbíà. Wọ́n rí iṣẹ́, ṣùgbọ́n àtiríyàrá le, torí ọ̀pọ̀ onílé kì í gba ènìyàn dúdú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń ta lára gan-an ló sọ ọ́ di ìwé ìtàn.

Sam Selvon, ọmọ Trinidad, dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1950. Ọkọ̀ kan náà lòun àti George Lamming, òǹkọ̀wé ará Barbados, jọ wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ The Lonely Londoners, ìtàn náà kò sì rìn. Ló bá yíwọ́ padà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwọn ará Kàríbíà kọ ọ́. Kì í ṣe pé àwọn ẹ̀dá ìtàn nìkan ló ń sọ ọ́. Asọ̀tàn pàápàá ń sọ ọ́. Ìwé náà jáde lọ́dún 1956. Moses inú rẹ̀ ń lọ pàdé àlejò ní ibùdókọ̀ Waterloo, ó ń júwe ìlú fún wọn. Tó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, yàrá rẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń kó jọ sí láti tàkúrọ̀sọ. Lójú tèmi, ìwé yìí ṣe ju kó ròyìn ìyà lọ: àlejò gba ohùn asọ̀tàn lọ́wọ́ onílé.

Àmọ́ ìtàn ọkùnrin ni. Lọ́dún 1962, tí ìjọba ṣòfin láti dín àwọn tó ń wọ̀lú kù, ni Buchi Emecheta, ọmọ Íbò tí wọ́n bí ní Èkó, lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ náà dáná sun ìwé àkọ́kọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kọ. Emecheta kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ náà, ó ń kàwé ní yunifásítì, ó sì ń kọ̀wé ní ìdájí. Nínú In the Ditch (1972), ó fi hàn bí obìnrin dúdú àti funfun ṣe jọ ń gbé ilé ìjọba, tí wọ́n jọ ń gba owó ìrànwọ́, tí wọ́n sì ń gbèjà ara wọn. Nínú Second-Class Citizen (1974), kò dá ọmọ Nàìjíríà sí: ará ilé wa náà ń ni Adah, obìnrin tí ìtàn náà dá lé, lára.

Ó wá kan àwọn ọmọ àtìpó. Andrea Levy, tí òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, fún onílé òyìnbó àti ayálégbé dúdú láyè láti sọ tẹnu wọn nínú Small Island (2004). Bernardine Evaristo, ọmọ bàbá Yorùbá, tọpa ìdílé bíi tirẹ̀ láti Brazil dé Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù nínú Lara (1997). Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn ìwé Booker, lọ́dún 2019. Lọ́dún 2021, òun àti ilé ìtẹ̀wé Penguin bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ìwé òǹkọ̀wé dúdú tó ti pa rẹ́ lórí àtẹ tẹ̀ jáde. Minty Alley, tí C. L. R. James kọ, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1936, wà lára wọn.