Bí Iná Ṣe Wọnú Bíréèkì Tírélà

Ẹni tó bá dúró ní Akódà ní Ẹdẹ yóò rí tírélà tó ń ti Gbọ̀ngán bọ̀, tó forí lé Òṣogbo. Afẹ́fẹ́ ló ń dá púpọ̀ nínú wọn dúró. George Westinghouse, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé-àṣẹ irú bíréèkì yìí ní 1869, fún ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀yìn náà ló tó dé ara ọkọ̀ akẹ́rù.

Ní àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ Warner ní Beloit, ìpínlẹ̀ Wisconsin, gba ọ̀nà mìíràn. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì, iná á lọ sí ẹ̀yìn, òòfà á lẹ̀ mọ́ dọ́rọ́ọ̀mù táyà, á sì ti bíréèkì síta. Irú rẹ̀ ṣì wà lára tírélà kékeré ní Amẹ́ríkà. Bí afẹ́fẹ́ bá tán nínú tírélà ńlá, sípíríǹgì á há táyà. Bí wáyà bá já nínú ti oníná, táyà á máa yí lọ ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé bátìrì kékeré sí i, kó lè dá ara rẹ̀ dúró bó bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ABS ni iná bá wọlé, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Láti oṣù kẹta 1998 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e fún tírélà tuntun tó ń lo bíréèkì afẹ́fẹ́, pẹ̀lú iná ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè lápá òsì ẹ̀yìn. Tòkunbọ̀ ló gbé e wá bá wa. Volt 12 ni Mack ti Amẹ́ríkà ń lò. Volt 24 ni DAF àti MAN ti Yúróòpù. Ohun tí riwáyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ni: níbo ni orí ti wá, níbo ni ẹ̀yìn ti wá?

Irinṣẹ́ riwáyà látijọ́ ni gílóòbù kan, wáyà méjì àti abẹ́rẹ́. Á fi abẹ́rẹ́ gún ara wáyà. Bí gílóòbù bá tàn, iná wà nìyẹn. Nígbà òjò, omi á gba ojú ihò yẹn wọlé, kọ́pà á di àwọ̀ ewé, wọ́n á ní páṣà kọ́ńtáàtì ni. Gílóòbù á ṣì máa tàn, nítorí iná díẹ̀ tó o. Òòfà bíréèkì kan ń fẹ́ nǹkan bí ampere 3, kò sì ní rí i. Mítà ló ń tú àṣírí èyí, bí a bá wọn ọ́n nígbà tí bíréèkì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Áàtì ni kí a kọ́kọ́ wò, wáyà funfun ni lára tírélà Amẹ́ríkà. Ìpẹtà fẹ́ràn ibẹ̀.

Ìlú bí Ẹdẹ, tí Federal Polytechnic wà láti 1992, kò yẹ kí mítà ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ riwáyà rẹ̀. Ẹ̀yin onítírélà, bí iná ABS kò bá kú, ẹ má gbà kí wọ́n yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tọ wáyà náà dé ìdí.