Ìtàn àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀-Ìṣe ‘give up’ nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

1.0 Ìfáàrà

Lára ohun tó máa ń dààmú ẹni tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe àti wúnrẹ̀n kúkurú bí up, out tàbí off. Irú àkànpọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ gírámà ń pè ní phrasal verb. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ mọ̀ pé give ni ‘fún’, tó sì mọ̀ pé up ni ‘òkè’, ìmọ̀ méjèèjì kò tó láti sọ fún un pé give up lè jẹ́ ‘jọ̀wọ́’, ‘jáwọ́’ tàbí ‘sọ ìrètí nù’. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni kàn ń to àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyí tẹ̀ léra ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè há wọn sórí. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àwọn ìtumọ̀ náà kì í ṣe àkójọ aláìnídìí. Ìtàn fi hàn pé ọ̀kan ló bí èkejì, àti pé iye olùkópa inú ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń dín kù láti orí ìtumọ̀ kan dé orí òmíràn.

2.0 Kí ‘up’ tó gba ipò rẹ̀

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣe irú iṣẹ́ tí up ń ṣe lónìí. Giefan ni ‘fún’. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀dá āgiefan, ‘dá padà, fi lé ni lọ́wọ́’. Ofgiefan, ‘fi sílẹ̀’. Àti forgiefan, ‘fi fún, dárí jì’. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, forgive nìkan ló ṣẹ́ kù sí ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí agbára àwọn àfòmọ́ náà ti ń dín kù ni àwọn wúnrẹ̀n tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe ń gba ipò wọn.

Àwọn ará Scandinavia tó tẹ̀ dó sí àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sẹ́ńtúrì kẹsàn-án náà ní gefa upp nínú èdè tiwọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ‘jọ̀wọ́’. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí bí ipa èdè yìí ti pọ̀ tó nínú ìdàgbàsókè phrasal verb, nítorí pé ẹbí kan náà ni àwọn èdè wọ̀nyí: Jámánì pẹ̀lú ní aufgeben, tí auf rẹ̀ máa ń já kúrò lára geben nínú odindi gbólóhùn. Ohun tí wọ́n gbà ní gbogbogbòò ni pé èdè Scandinavia ló fún give ní kóńsónáǹtì g tó fi ń bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìró tó jọ y Yorùbá ló bẹ̀rẹ̀ giefan àtijọ́. Chaucer, akéwì Lọ́ńdọ̀nù tó kú ní 1400, ṣì ń kọ ọ́ ní yeve.

3.0 Àkọsílẹ̀ Peterborough

Ọ̀kan nínú àwọn àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí àwọn òpìtàn èdè máa ń tọ́ka sí wà nínú ìwé ìtàn ọdọọdún tí wọ́n kọ ní ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn Peterborough, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apá tó sọ ìtàn 1132 sí 1154 di kíkọ ní nǹkan bí 1155. Nínú ìtàn 1132, olórí ilé náà, Henry ará Poitou, fẹ́ fi ilé náà sábẹ́ àṣẹ Cluny ní ilẹ̀ Faransé. Kò pẹ́ tí Ọba Henry Kìíní fi ránṣẹ́ pè é, tó mú un jọ̀wọ́ ipò náà, tó sì ní kó kúrò nílùú. Gyuen up ni akọ̀wé náà lò fún ‘jọ̀wọ́’.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí àwọn olùkópa: ẹni tó ń fi nǹkan sílẹ̀ wà, ohun tó ń fi sílẹ̀ wà, ọba tó gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà. Ọba yìí ju ẹni tó ń jọ̀wọ́ lọ ní ipò. Nínú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ‘òkè’ tí up ń tọ́ka sí kò ṣòro láti rí.

4.0 Bí olùkópa ṣe ń dín kù

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, gave up the ghost ni wọ́n lò fún ikú Jésù nínú Ìwé Máàkù. ‘Ẹ̀mí’ ni ìtumọ̀ ghost níbẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀mí náà wà nínú èrò, ṣùgbọ́n gbólóhùn kò dárúkọ rẹ̀. Nínú give up smoking, ‘jáwọ́ nínú sìgá mímu’, kò tún sí ẹni tó ń gba ohunkóhun rárá. Ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀ nìkan ló kù. Nínú he gave up, àbọ̀ pàápàá ti lọ: olùwà nìkan ló dúró, ìtumọ̀ sì di ‘ó juwọ́ sílẹ̀’. Síbẹ̀, ìtumọ̀ àtijọ́ kò kú, nítorí pé ọ̀daràn tó bá fa ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lónìí ti give himself up.

Lẹ́yìn 1066, surrender, resign, renounce àti abandon wọlé láti inú èdè Faransé, wọ́n sì di ọ̀rọ̀ òfin àti ti ààfin. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni give up sábà máa ń jẹ́ ní tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ ti 1755, Samuel Johnson sọ pé irú àkànpọ̀ yìí ló ń ni àjèjì lára jù, ó sì fara balẹ̀ kó wọn jọ. Orúkọ phrasal verb fúnra rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Henry Bradley. Logan Pearsall Smith ló lò ó nínú ìwé rẹ̀ ti 1925.

5.0 Ohun tí Yorùbá fi hàn

Nínú Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther kó ipa pàtàkì nínú ìtumọ̀ rẹ̀, jọ̀wọ́ ẹ̀mí lọ́wọ́ ló dúró níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo gave up the ghost. Ọwọ́ ni Yorùbá ń wò: ọwọ́ tó tú nínú jọ̀wọ́, ọwọ́ tó já nínú jáwọ́, ọwọ́ tó lọ sílẹ̀ nínú juwọ́ sílẹ̀. Òkè ni Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́ka sí, ilẹ̀ ni Yorùbá ń tọ́ka sí. Gẹ̀ẹ́sì wo ibi tí nǹkan ń lọ, Yorùbá wo ọwọ́ tó fi í sílẹ̀.

Ìrísí pẹ̀lú kò ṣàjèjì. Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là bí bàjẹ́, àárín ni àbọ̀ ń wà: ba ilé jẹ́, bà á jẹ́. Arọ́pò-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní ibòmíràn ju àárín lọ: give it up. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lè wà láàárín tàbí lẹ́yìn up, ṣùgbọ́n ti Yorùbá kò lè kúrò láàárín.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Bí àlàyé yìí bá tọ́, ó yẹ kí ìwé ìkọ́ni ẹkùn yìí dẹ́kun títo ìtumọ̀ give up bí ohun tí kò ní okùn. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ló fi sílẹ̀, kí ló fi sílẹ̀, ta ló gbà á? Bí olùgbà bá wà, ‘jọ̀wọ́’ tàbí ‘fà lé lọ́wọ́’ ló yẹ. Bí kò bá sí, tó jẹ́ ìwà tàbí iṣẹ́ ni ènìyàn fi sílẹ̀, ‘jáwọ́’ ni. Bí àbọ̀ kò bá sí, ‘juwọ́ sílẹ̀’ ni. Ètò kan náà ló yẹ kí atúmọ̀-èdè elédè méjì tẹ̀ lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń la bàjẹ́ sí méjì láti kékeré kì í ṣe àlejò níwájú give it up. Ohun tó kù ni kí olùkọ́ fi ọ̀nà tó ti mọ̀ hàn án.