Pátákó Oníṣẹ́ ní Challenge: Láti Ara Ògiri Dórí Ayélujára

Ilé ìtàwé ló fún Challenge ní orúkọ.

Àjọ ajíhìnrere SIM, tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn African Challenge ní Èkó lọ́dún 1951, ló ni Challenge Bookshop tó wà ní àdúgbò náà n'Ìbàdàn. Awakọ̀ ń pè é, èrò ń pè é, títí orúkọ ìsọ̀ kan fi di orúkọ gbogbo àdúgbò.  

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà mọ iyì kí orúkọ ẹni hàn síta. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù kì í pẹ́ kó tó wá ẹni tó máa kọ pátákó fún un: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, bóyá àwòrán àlùmọ́gàjí tàbí kámẹ́rà. Ayafọ́tò á to fọ́tò síwájú ìsọ̀, télọ̀ á fi aṣọ tó rán kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń jẹ́rìí iṣẹ́.

Nígbà tó yá, pátákó mìíràn dé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1993, àjọ CERN ní Switzerland fi wẹ́ẹ̀bù tí Tim Berners-Lee ṣe sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Nàìjíríà gba .ng, ìparí orúkọ ìkànnì tirẹ̀, ní 1995. Síbẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọdún 2000 kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìbàdàn tó fojú kan wẹ́ẹ̀bù nínú sáíbà káfẹ́. Wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, àwọn mìíràn sì ń dúró mọ́jú. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti kọ́ HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojúewé wẹ́ẹ̀bù: wọ́n á ṣí ojúewé kan, wọ́n á wo kóòdù tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á dà á kọ sínú Notepad, wọ́n á sì máa yí i títí yóò fi di tiwọn.

Ibo ni wọ́n máa wá gbé e sí? Dọ́là ni wọ́n fi ń ra orúkọ ìkànnì àti ààyè rẹ̀, káàdì tó lè sanwó lókè òkun sì ṣọ̀wọ́n. Káàkiri ayé, ààyè ọ̀fẹ́ bíi GeoCities ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2009, Yahoo tó ni ín tì í pa. Ayálégbé ni gbogbo wọn. Nígbà tí onílé tilẹ̀kùn, ẹrù ọ̀pọ̀ wọn bá ilé lọ.

Nílé níbí, nǹkan ti ń yí padà. NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, ti fìdí múlẹ̀ ní 2005. Whogohost, ilé iṣẹ́ tó ń ta orúkọ ìkànnì, bẹ̀rẹ̀ ní 2007, oníṣẹ́ sì lè fi náírà ra orúkọ àti ààyè. Ní 2008, GitHub Pages dé: ojúewé ọ̀fẹ́ tí oníṣẹ́ lè so orúkọ tirẹ̀ mọ́, tí oníbàárà sì lè ti ibẹ̀ yẹ kóòdù rẹ̀ wò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ mẹ́ta, Ayodeji Adewunmi, Olalekan Olude àti Opeyemi Awoyemi, gbé Jobberman, ìkànnì ìwáṣẹ́, kalẹ̀. Ìkànnì náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí pé wọ́n mọ iṣẹ́.

Ìyà ayálégbé tún padà wá ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ó di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Fún oṣù méje, ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń polówó iṣẹ́ ní láti wá VPN, tàbí kó wá oníbàárà gba ibòmíràn. Ẹni tó ní ìkànnì tirẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.

Irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kò gba ohun púpọ̀: orúkọ, irú iṣẹ́, iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú ìṣòro tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yanjú, àti nọ́ńbà WhatsApp. Kó fúyẹ́, kó lè tètè ṣí lórí fóònù tí dátà rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n sì máa ń tún owó orúkọ ìkànnì san lásìkò. Bí oníṣẹ́ bá gbàgbé, tí àkókò rẹ̀ sì kọjá, ẹlòmíràn lè rà á.