Orúkọ Tí Kò Sí Lára Gíláàsì: Ìrìn Ẹsẹ̀ Ọjọ́ Kan ní Ìlú Nantes

Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Ìlú náà ní tirẹ̀ láti wò lẹ́yìn. Nantes, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, lẹ́bàá odò Loire, jẹ́ àgbà ìlú. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ fún wa láti lo ọjọ́ kan níbẹ̀, a pinnu pé ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn ín, nítorí ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ kì í rí àyè ka ohun tí a kọ sára ògiri.

Wọ́n kun ìlà aláwọ̀ ewé kan sójú ọ̀nà láti máa tọ́ àlejò sọ́nà. Òun ni a tẹ̀ lé dé ààfin olódi àwọn tí ó jẹ olórí ilẹ̀ Bretagne nígbàanì. François Kejì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní ọdún 1466. Ibẹ̀ ni a sì bí Anne ọmọ rẹ̀ sí ní ọdún 1477, ẹni tí ó di ayaba ilẹ̀ Faransé lẹ́ẹ̀mejì. Yàrà yí odi náà ká. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́nu Àkàbà Ìdẹ́nà ní Kétu rí kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un: ìlú tí ó mọ ogun ni í gbẹ́ yàrà.

Ní ìlú yìí náà ni ọba Henri Kẹrin ti fọwọ́ sí òfin ọdún 1598 tí ó fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì láyè láti máa sin Ọlọ́run bí wọ́n ti fẹ́. Ṣùgbọ́n kò tó igba ọdún lẹ́yìn náà tí ìlú tí a ti fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ di aṣíwájú gbogbo èbúté ilẹ̀ Faransé nínú òwò ẹrú. Ìrìn àjò tí ọkọ̀ akẹ́rú ti ibẹ̀ gbéra lé ẹgbẹ̀sán ó dín ọgọ́rùn-ún, èyí ni pé ó ju 1,700 lọ.

Inú ààfin náà ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nísinsìnyí. A rí àwòrán ọkọ̀ kan níbẹ̀, La Marie-Séraphique, tí ó lọ ra ẹrú ní Loango ní nǹkan bí ọdún 1769. Ènìyàn 307 ni a yà síbẹ̀, tí a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí igi ìdáná. Orúkọ mímọ́ ni orúkọ ọkọ̀ náà. Orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni aṣọ olódòdó mèremère wà, irú èyí tí àwọn oníṣòwò Nantes ń kó wá sí Áfíríkà pẹ̀lú ìbọn, ọtí líle àti owó ẹyọ. Wọ́n á fi wọ́n ra ènìyàn, wọ́n á kó ènìyàn kọjá òkun, wọ́n á sì kó ṣúgà, kọfí àti aró padà wálé.

Láti ibẹ̀ a rìn lọ sí Île Feydeau. Erékùṣù ni nígbà kan rí, kí wọ́n tó fi iyẹ̀pẹ̀ dí odò tí ó yí i ká. Ibẹ̀ ni àwọn olówó òkun kọ́ ilé wọn sí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. A gbẹ́ ojú oríṣiríṣi sára òkúta lókè fèrèsé, ojú ọlọ́run omi, ojú ìjì, àti ojú ènìyàn dúdú pẹ̀lú. Iyanrìn ni ìpìlẹ̀ àwọn ilé náà. Òmíràn nínú wọn ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi ń rí i.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, a dé Quai de la Fosse, níbi ìrántí ìparẹ́ òwò ẹrú tí a ṣí ní ọdún 2012. Gíláàsì pẹlẹbẹ ẹgbàá ni a tẹ́ sínú ilẹ̀ ẹ̀bá odò náà. Ẹgbẹ̀sán ó dín àádọ́rùn-ún nínú wọn, 1,710, ń sọ orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí ó gbéra. 290 yòókù ń sọ orúkọ èbúté. A ń rìn, a ń kà, a ń tẹ̀ síwájú. Orúkọ ọkọ̀ pọ̀ lọ jàra. Orúkọ ọmọ ènìyàn kan ṣoṣo tí a kó nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, a kò rí i.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Àwọn Faransé ní odi kan ní Ouidah, wọ́n sì ń rà ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rà kò lè rà bí kò bá sí ẹni tí ń tà. Ọba ilẹ̀ wa tà, ológun ilẹ̀ wa tà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a tà ni ó ń sọ èdè tí a fi ń kọ ìwé yìí. Nínú ìwé àwọn olóko ṣúgà ní Saint-Domingue, tí í ṣe Haiti lónìí, «Nago» ni a kọ síwájú wọn.

Síbẹ̀, ohun tí ìwé ọkọ̀ kò kọ, ẹnu gbé e kọjá òkun. Títí di òní, àwọn ará Haiti ń pe Ogou nínú ìsìn wọn, wọ́n sì ń pe ìdílé òrìṣà tí ó wà nínú rẹ̀ ní Nago. Kò sí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ sára òkúta fún wọn.

Ohun tí a bá bọ̀ láti Nantes nìyí: òkúta àti gíláàsì ń tọ́jú orúkọ ẹni tí ó ní ọkọ̀. Orúkọ ẹni tí a kó lọ, ilé wa ni ó kù sí, nínú oríkì orílẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń kí wa ní òwúrọ̀. Ọdọọdún sì ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń dín kù ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní àkókò ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti kálámù lọ bá ìyá àgbà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kì yín. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ó má ṣe di pé gíláàsì àwọn ẹlòmíràn nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò máa lọ kà.