Páìpù tí Ásíìdì Kò Lè Jẹ, àti Bí Ó Ti Dé Etí Ọ̀sà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé etí ọ̀sà rí mọ̀ pé irin kì í pẹ́ níbẹ̀. Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ìpẹtà a máa jẹ ìṣó lára ọkọ̀, a máa jẹ páànù orí ilé, a sì máa jẹ páìpù omi láti inú dé òde. Ní ayé àwọn baba wa, nígbà tí epo pupa ń ti ọjà Ejìnrìn lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, ìkòkò amọ̀ àti àgbá igi tó láti gbé e, nítorí pé epo kò bá amọ̀ tàbí igi jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí fi ásíìdì àti gáàsì olóró ṣiṣẹ́, ìbéèrè kan dìde: kí ni a óò fi ṣe páìpù tí ohun tí ń gba inú rẹ̀ kọjá kò ní jẹ ẹ́ run? Ẹni tí ó rí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń wá a. Ohun mìíràn ni ó ń wá.

Ní ọdún 1938, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 27 kan, Roy Plunkett ni orúkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ du Pont ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gáàsì tuntun tí a lè lò nínú fìríìjì ni wọ́n ní kí ó wá. Ó ṣe gáàsì kan tí ó ní kábọ́ọ̀nù àti flúórínì nínú, ó kó o sínú àwọn àgbá irin kékeré, ó sì tọ́jú wọn sínú òtútù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù April, òun àti Jack Rebok tí ń ràn án lọ́wọ́ ṣí ẹnu àgbá kan, ṣùgbọ́n gáàsì kò jáde. Ẹlòmíràn ìbá rò pé ó ti jò tán, ìbá sì gbé àgbá náà jù nù. Àwọn wọ̀nyí gbé e ka orí òṣùwọ̀n, wọ́n sì rí i pé bí ó ti wúwo nígbà tí ó kún, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì wúwo. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò lọ sí ibì kankan. Nígbà tí wọ́n fi ayùn la àgbá náà, wọ́n bá ìyẹ̀fun funfun kan nínú rẹ̀, tí ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ìda. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ̀kọ́ òṣùwọ̀n ń sú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àgbá yìí.

Ìyẹ̀fun náà ni a ń pè ní PTFE. Teflon, orúkọ ọjà rẹ̀, jáde ní 1945. Nígbà tí a dán an wò, ásíìdì tí ó lágbára jùlọ kò mú un. Kò yọ́ títí ooru fi dé 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius. A sì lè máa lò ó títí dé 260. Ohunkóhun kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ ni pé flúórínì di kábọ́ọ̀nù mú gírígírí, ó sì yí i ká bí odi ti í yí ìlú ká, tí ọ̀tá kò fi rí àyè wọlé.

Ṣùgbọ́n agídí yìí kan náà ni ó mú kí ó ṣòro láti fi ṣe páìpù. Ike mìíràn, a óò yọ́ ọ, a óò sì dà á sí bí a ti fẹ́. PTFE, bí ó tilẹ̀ yọ́, kì í ṣàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ láti po ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ epo fúyẹ́ kan, bí ẹni tí ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Wọ́n a tì í gba ojú ihò jáde, wọ́n a jẹ́ kí epo náà gbẹ kúrò, wọ́n a sì yan án nínú ààrò tí ó gbóná ju 327 lọ títí yóò fi dì mọ́ra. Bí ohun tí yóò gbà á kọjá bá ní agbára púpọ̀, wọ́n a hun wáyà irin tí kì í dípẹtà yí i ká. Ní 1960 ni irú mìíràn jáde, FEP, èyí tí a lè yọ́ kí a sì dà bí ike yòókù.

Ogun ni ó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ńlá fún un. Ní Oak Ridge, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò yùréníọ̀mù fún bọ́ǹbù átọ́míìkì, gáàsì tí wọ́n ń lò ń jẹ ohun tí wọ́n fi ń dí oríkèé páìpù. PTFE wà lára ìwọ̀nba ohun tí ó lè dúró níwájú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Kò fọn fèrè wọlé. Wo púlọ́ńbà tí ń so ẹ̀rọ omi mọ́ páìpù ní Ìkòròdú: a fa téèpù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yọ, a wé e mọ́ ẹnu páìpù tí a gbẹ́ yíká bí ẹnu ìgò, kí ó tó yí èkejì mọ́ ọn. PTFE ni téèpù náà, èyí tí a kò yan nínú ààrò rárá. Ìdí nìyí tí ó fi rọ̀. Ní ilé ìwòsàn, a sábà máa ń fi FEP ṣe ọ̀pá tín-ínrín tí nọ́ọ̀sì ń kì bọ iṣan aláìsàn kí omi oògùn lè wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà sì ti dé. Ní Egbin, ní agbègbè Ìkòròdú, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín 1985 sí 1986 ní ẹ̀rọ 6, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan tó megawatt 220. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹkki, ní ẹkùn Ẹ̀pẹ́, a ṣí ilé ìfọpo Dangote ní ọjọ́ 22 oṣù May, 2023, èyí tí a kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, níbi tí ooru àti ásíìdì bá ti pàdé, ni a ti ń wá họ́òsì PTFE.

Ṣùgbọ́n ohun tí kì í bàjẹ́ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Láti 1951 ni du Pont ti ń lo ohun kan tí a ń pè ní PFOA láti ṣe PTFE lẹ́bàá ìlú Parkersburg ní West Virginia. Ó dé inú odò Ohio, ó sì dé inú omi mímu. Màlúù àgbẹ̀ kan ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1999, Robert Bilott, agbẹjọ́rò, gbé ọ̀ràn rẹ̀ lọ sí kóòtù. Ní 2012, àwọn onímọ̀ tí a yàn láti yẹ ara àwọn tí ń mu omi náà wò parí iṣẹ́ wọn: wọ́n ní ó jọ pé PFOA ní ọwọ́ nínú àìsàn 6, jẹjẹrẹ kíndìnrín sì jẹ́ ọ̀kan. Ní 2017, du Pont àti Chemours gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 671. Ní 2019, a fi PFOA kún àwọn ohun tí àdéhùn Stockholm kọ̀. Nàìjíríà sì ti wà nínú àdéhùn náà láti 2004.

Páìpù tí a ti yan tán kì í pa ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án lára. Iná ni ẹ̀rù rẹ̀. Bí ó bá gbóná rékọjá ààlà, èéfín rẹ̀ a máa dá ibà sí ènìyàn lára, a sì máa pa ẹyẹ inú àgò. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ dáná sun téèpù tàbí páìpù yìí mọ́ pàǹtírí. Èyí tí a kò sun ńkọ́? Ègé téèpù tí púlọ́ńbà já dànù lábẹ́ ẹ̀rọ omi, òjò a gbé e sí gọ́tà, gọ́tà a gbé e sí ọ̀sà tí àwọn apẹja ń da àwọ̀n sí. Nígbà tí irin ẹ̀rọ náà bá ti dípẹtà tán, yóò ṣì wà níbẹ̀ ní funfun.