Lionel Loueke, Atajìtá Jáàsì Ọmọ Kútọnu

Lionel Loueke jẹ́ atajìtá, akọrin àti ẹni tí ń gbé orin kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n bí ní Kútọnu lọ́dún 1973. Ìlù ló kọ́kọ́ ń lù ní kékeré. Ó tó ọmọ ọdún 17 kó tó gbá jìtá mú, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta á.

Okùn jìtá ṣọ̀wọ́n ní Kútọnu nígbà náà. Bí tirẹ̀ bá dọ̀tí, ọtí kíkan ló fi ń fọ̀ ọ́. Bó bá já, á so ó. Bí kò bá ṣeé so mọ́, á fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àwo atajìtá George Benson kan tí ọ̀rẹ́ kan mú ti Paris bọ̀ ló jẹ́ kó fẹ́ràn jáàsì. Ó kàwé orin ní Abidjan àti Paris, kó tó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà sí ilé-ẹ̀kọ́ orin Berklee ní Boston lọ́dún 1999. Nígbà tó ń dánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ Thelonious Monk ní 2001, àwọn gbajúmọ̀ olórin jáàsì Herbie Hancock, Wayne Shorter àti Terence Blanchard wà lára àwọn tó gbọ́ ọ. Blanchard mú un wọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Hancock náà sì mú un bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ onílù ló fi ń ta jìtá. A máa ki bébà bọ abẹ́ okùn kí ohùn rẹ̀ lè gbẹ bíi ti agídìgbo. A máa fi ahọ́n ta tọ́ọ̀, a sì máa kọrin lédè Fọn bí ìka rẹ̀ ti ń lọ. Àwọn kan ka èyí sí ẹ̀ṣọ́ tó fi lé jáàsì lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ìlù Bẹ̀nẹ̀ ni ìpìlẹ̀, ohun tó kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ ló kọ́ lé e.

Òun, Massimo Biolcati oníbéèsì àti Ferenc Nemeth onílù pàdé ní Berklee, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Gilfema sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Blue Note gbé àwo orin rẹ̀, Karibu, jáde ní 2008, Hancock àti Shorter sì bá a ṣeré nínú rẹ̀. Angélique Kidjo, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ bíi tirẹ̀, kọrin nínú Mwaliko (2010). Heritage tẹ̀ lé e ní 2012. Nínú HH (2020), orin Hancock ló fi jìtá rẹ̀ nìkan tún ṣe. Karibu ló yẹ kí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí fi bẹ̀rẹ̀.